Mọ́tọ̀ méjì lórí ajọ̀ gàrí kan, àti owó gíà tí kò yẹ kí n san

Nígbà tí mo ń kan ajọ̀ gàrí tí mọ́tọ̀ iná méjì máa gbọn, mo ra gíà kan sí i, owó rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ọ̀gá tó tà á fún mi tẹnu mọ́ ọn pé mọ́tọ̀ iná méjì kò lè jọ gbọn ajọ̀ kan láìsí gíà tó so ṣáàfù wọn, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú mọ́tọ̀, pọ̀, pé kálukú á máa sá eré tirẹ̀. Iye tó gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye mọ́tọ̀ kan. Kò pẹ́ tí eyín gíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Ariwo gba gbogbo ilé, gírísì sì ń ta sára gàrí. Ìyá tó gbé iṣẹ́ náà fún mi n'Íjẹ̀bú bu díẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló máa jẹ gàrí onígírísì?"

Mo tú gíà náà kúrò, mo ní kí mọ́tọ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́ láìsí i. Bí a ṣe jó férémù, bí a ṣe na nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ irin mọ̀ ọ́n. Ohun tó kì mí láyà ni pé ọ̀rọ̀ kí nǹkan méjì bára wọn rìn láìsí gíà ti pẹ́ láyé. Ní 1665, Christiaan Huygens, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, ń ṣàìsàn lórí ibùsùn nígbà tó rí i pé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, irin tó ń fì, lára aago méjì tó gbé kọ́ sára igi kan náà ń bára wọn rìn: bí ọ̀kan bá lọ sọ́tùn-ún, èkejì á lọ sósì. Tó bá dà wọ́n rú, láàárín bí ààbọ̀ wákàtí wọ́n á ti tún bára mu. Igi tó gbé wọn ró ló ń mì díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò rí i. Nígbà tó di 1953, Blekhman, ẹlẹ́rọ ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tọ̀ tí irin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń mú kó máa gbọ̀n, wà lórí ṣáàfù rẹ̀. Bí méjì bá jọ wà lórí férémù kan tó dúró lórí sípíríǹgì tó rọ̀, férémù yẹn ni gíà wọn.

Mo tan iná. Orí àti ìdí ajọ̀ ń jó, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kò mira! Gàrí tí a dà síbẹ̀ jókòó gbagidi. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì, kò gbọ́. Mo tún gbogbo bóòtì dì, kò gbọ́. Wẹ́dà ní férémù ló fẹ́lẹ́ jù, a jó irin kún un, pàbó ló já sí. Oníṣẹ́ iná ń búra pé wáyà òun pé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí.

Ẹfun ló yọ mí. Mo fi tọ́ àmì tíńtìntín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajọ̀, ní orí, ní àárín àti ní ìdí. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àmì orí àti ti ìdí na gbọọrọ lójú wa, ti àárín sì dúró ní kókó. Ó wá yé mi. Àwọn mọ́tọ̀ náà ti bára mu tipẹ́, òdì ni wọ́n fi bára mu! Bí ọ̀kan ṣe ń fà sókè ni èkejì ń fà sílẹ̀, agbára wọn wá ń pa ara wọn ní àárín. Bí mọ́tọ̀ méjì tó sún mọ́ra bá ń yí sí apá kan náà, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo ṣí ìdérí tó bo irin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, a tan iná fìrí, a pa á, a jìnnà sí i, a ń wo bó ṣe ń rọlẹ̀. Apá kan náà lóòótọ́! Èèyàn kò lè rí i láti ìta, oníṣẹ́ iná tó ń búra kò sì ṣí i wò rí. Mọ́tọ̀ onífésì mẹ́ta ni wọ́n, èyí tí wáyà iná mẹ́ta ń wọ̀. Kí a gbé wáyà méjì sí ipò ara wọn lára mọ́tọ̀ kan kó lè máa yí sí òdìkejì, ó parí.

Bí a ṣe tan án padà, gbogbo ajọ̀ gbéra pọ̀, gàrí ń fò síwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wá pa iná mọ́tọ̀ kan. Èkejì ń gbé e yí lọ! Ìyá ní, "Ṣé iná ṣì wà nínú ìyẹn ni?" Mo ní, "Rárá, mà." Orí mi wú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má de férémù mọ́ kọnkéré, torí bí kò bá lè mì, kò sí bí àwọn mọ́tọ̀ ṣe máa gbọ́ ara wọn. Ẹ ra irú kan náà méjì, kí ẹ ṣí ìdérí wọn kí ẹ tó gbé wọn gùn ún, kí ẹ fi irin inú wọn sórí ìwọ̀n kan náà. Bí ti ọ̀kan bá lágbára ju ti èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ni gàrí yóò máa dà sí.