Ẹ Jẹ́ Kó Gbẹ Dénú: Oòrùn, Àgbàdo, Ẹ̀pà àti Ẹ̀dọ̀ Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra oúnjẹ wọlé, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ la bá wá. Ẹ̀dọ̀ki là ń wí o, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a bá jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ibi yòókù nínú ara, òun ló sì ń bá wa ṣẹ́ májèlé inú rẹ̀. Májèlé tó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ ló ń forí fá a.

Èyí tó wà nínú oúnjẹ oko wa ń jẹ́ aflatoxin. Ohun tó ń mú nǹkan bu ló ń ṣe é, inú ilẹ̀ oko ló sì ń gbé. Ibi tó bá móoru tó sì rin ló fẹ́. Ó máa ń wọ àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti gbodo tí a fi ń ṣe èlùbọ́. Ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí tòlótòló bí 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe fún wọn. Ní 2004, àgbàdo tó ti bu pa èèyàn 125 ní apá ìlà oòrùn Kẹ́ńyà. Kì í sábà yára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kó máa bá èèyàn gbé jẹ́jẹ́, kó tó di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Oòrùn la fi ń lé e. Àmọ́ eré ìje ni: bí oòrùn bá ṣáájú, a bọ́; bí àgbàdo bá ti bu kí ẹ tó gbé e jáde, oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì kò lè yọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀.

Sísá

Àgbàdo àrọ̀kúrò kì í yọni lẹ́nu púpọ̀, torí ó máa ń bá ọyẹ́ pàdé. Ti àkọ́rọ̀ ló le, èyí tí à ń kórè ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, tí òjò kò jẹ́ ká gbádùn. Ọjọ́ kan, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ìkórè, kó ti wà nínú oòrùn. Ẹ má kó o jọ gègèrè sí ẹ̀gbẹ́ ilé pé ẹ ń retí ọjọ́ tí ojú ọ̀run máa mọ́. Inú òkìtì yẹn gan-an ló ti ń móoru.

Ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí tápólì, tàbí kí ẹ kan pẹpẹ. Kó má nípọn ju ìbú ìka ọwọ́ méjì lọ, kí ẹ sì máa yí i padà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ kó o kúrò kí ìrì tó sẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn etí títì ọlọ́dà torí pé ó ń gbóná. Eruku àti èéfín mọ́tò ń bẹ níbẹ̀, táyà sì ń tẹ̀ ẹ́ fọ́; hóró tó bá ti fọ́ ti ṣílẹ̀kùn fún ohun tó ń mú un bu.

Ní agbègbè Kindia ní orílẹ̀-èdè Gíní, wọ́n dán irú nǹkan yìí wò ní abúlé 20. Ní 10 nínú wọn, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti ṣa ẹ̀pà tí kò dára kúrò, láti sá ìyókù sórí ẹní títí yóò fi gbẹ dáadáa, àti láti gbé àpò rẹ̀ lé orí igi. Lẹ́yìn oṣù 5, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wò. Ohun tí májèlé náà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn abúlé yòókù. Ẹní àti oòrùn ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ṣé ó ti gbẹ?

Ojú ń tanni jẹ. Ẹ wá ìgò gbígbẹ, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdajì, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí méjì sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Bí kò bá lẹ̀, omi inú rẹ̀ ti wálẹ̀ sí bí ìdá 15 nínú 100. Ẹ ṣì tún un sá, torí ìdá 13 la fẹ́ kó wálẹ̀ dé. Ẹ̀pà tó gbẹ, bí ẹ bá mi èèpo rẹ̀ létí, ẹ óò gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ́n omi sí ẹ̀pà kó lè rọrùn láti pa. Gbogbo iṣẹ́ oòrùn lẹ dà nù yẹn.

Ní ilé

Ẹ ṣa hóró tó bu, tó hunjọ, tó pàwọ̀ dà tàbí tí kòkòrò ti lu kúrò. Sísè, yíyan àti díndín kì í pa májèlé yìí tán, nítorí náà ẹ má fi èyí tí ẹ ṣà dànù ṣe kúlíkúlí tàbí ògì. Ẹ má fún adìyẹ tàbí màálù jẹ, torí ó lè gba inú ẹyin àti wàrà padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbin púpọ̀ lè bèèrè Aflasafe, ohun tí à ń wọ́n sí oko kí èyí tó ń ṣe májèlé yìí má bàa rí àyè gbilẹ̀; iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é. Kílò 10 là ń wọ́n sí hẹ́kítà kan, ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó tanná, nígbà tí ilẹ̀ bá rin.

Ẹni tí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B bá wà lára rẹ̀, ewu jẹjẹrẹ tí májèlé yìí ń fà fún un tó bí ìlọ́po 30 ti ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ tuntun. Kí ọmọ gbà á láàárín wákàtí 24 tí ẹ bá bí i, kí ẹ̀yin àgbà inú ilé náà sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.