Kọ́kọ́ Fi Igi Máńgòrò Kọ́ Ọ

Àbúrò, tí o bá fẹ́ kọ́ síkì orí omi, eré tí ọkọ̀ ojú omi ti ń fi okùn fa èèyàn lórí omi, gbàgbé omi ná. Wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Tanke, mo ti so okùn mọ́ igi máńgòrò. Dì í mú, jẹ́ kí apá nà gbọọrọ, tẹ orúnkún díẹ̀, kí o wá gbé ara sẹ́yìn. Má fi apá fà á o! Èmi fà á lọ́jọ́ kìíní, ojú ni mo fi balẹ̀ sómi.

Níbi ìdíje, bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó léfòó lórí omi lo máa yí po. Eré ọkọ̀ kì í ju kìlómítà 58 ní wákàtí kan lọ fún ọkùnrin, 55 fún obìnrin. Tó bá ti débẹ̀, okùn ni wọ́n ń dín kù: mítà 18.25, 16, 14.25, títí dé 11.25. Bẹ́ẹ̀, mítà 11.5 ni bọ́ọ̀lù fi jìnnà sí àárín ọ̀nà ọkọ̀. Okùn ò tó o mọ́ nìyẹn. Ara rẹ ni wàá nà débẹ̀.