Kòkó páúdà ti wọ́n jù? Bí mo ṣe ń fi Milo yan kéèkì ṣokoléètì

Lọ́jọ́ ọjọ́ìbí àbúrò mi, mo ti po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ tán kí n tó rántí yẹ ike kòkó páúdà wò, àfi bíi ṣíbí kan péré tó kù nídìí ẹ̀. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ màmá tó ń ta ohun èlò kéèkì ládùúgbò wa, owó tí wọ́n pè fún ike kékeré, mo ní mà, ẹ ṣì máa gbé e síbẹ̀ ná. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn sha. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan ò ju nǹkan bíi dọ́là 2,500 lọ lọ́jà àgbáyé, nígbà tó máa fi di 2024 ó ti kọjá dọ́là 10,000, gbogbo nǹkan tí kòkó bá ti fara kàn ló bá a gòkè. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bàbá tó bí bàbá mi lóko kòkó n'Ídànrè, owó kòkó náà la sì fi kọ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tó wá di pé à ń wá páúdà ẹ̀ tì nílé ìdáná. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé etí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú ni.

Milo wà nílé ṣá. Mo wọn ọ́n bí mo ṣe máa ń wọn kòkó, ṣíbí fún ṣíbí, mi ò yọ ṣúgà, mi ò fi nǹkan kan kún nǹkan kan, mo gbé e sínú ọ́fùnù. Háà! Orí ẹ̀ jó, àárín ẹ̀ rì, inú ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì dùn débi pé eyín ń ro èèyàn. Àwọn ọmọdé jẹ ẹ́ o, ṣé kí ni ọmọdé ò ní jẹ, àmọ́ àbúrò mi bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kéèkì tíì lẹ ṣe ni?"

Ìyẹn gan-an ni ìdáhùn. Milo, Bournvita àti gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọn, tíì ni wọ́n, wọn kì í ṣe kòkó páúdà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí ẹ̀, máàtì, ṣúgà àti mílíìkì ló kún ibẹ̀, kòkó kàn wà láàárín wọn ni. Kòkó páúdà gidi kì í sì í kàn ṣe adùn lásán nínú kéèkì. Òun ló ń mú kó dúdú, òun ló ń fún un ní ìkorò díẹ̀ tí ahọ́n fi ń mọ̀ pé ṣokoléètì nìyí, ó tún máa ń fa omi mu bíi fúláwà, èyí tí wọn ò bá sì fi nǹkan tọ́jú, ó máa ń kan díẹ̀, kíkan yẹn ló ń mú kí béèkìn sódà hó. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ mẹ́rin lẹ yọ, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò mọ èyí nígbà yẹn, mo kàn rò pé brown ni brown.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é báyìí rèé. Níbi tí mo bá ti máa lo kòkó giráàmù 50, Milo giráàmù 100 ni mò ń lò, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun 12. Ṣúgà tó yẹ kó jẹ́ giráàmù 200, mo gé e wá sí 120, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín wọ̀ ọ́, torí ṣúgà ti wà nínú Milo fúnra ẹ̀. Fúláwà giráàmù 230 (kọ́ọ̀bù méjì kù díẹ̀), torí Milo máa yọ́ ni, kò ní fa omi mu. Béèkìn páúdà ṣíbí tíì 2. Ẹ má fi béèkìn sódà sí i rárá, kò sí nǹkan kíkan tó máa bá a jà níbẹ̀, á wá máa dùn bí ọṣẹ lẹ́nu. Iyọ̀ díẹ̀, ẹyin 3, òróró mílílítà 120, mílíìkì mílílítà 120, fanílà ṣíbí tíì kan. Lẹ́yìn náà, kọfí: ṣíbí ìjẹun kan nínú omi gbígbóná mílílítà 80. Ẹ má bẹ̀rù, kéèkì ò ní dùn bíi kọfí, ìkorò tí Milo ò ní ló ń bá wa mú wá. Tó bá jẹ́ ọmọdé nìkan ló máa jẹ ẹ́, ẹ lè dín in kù sí ààbọ̀ ṣíbí.

Ó ku àwọ̀. Ṣúgà jíjó ni o, browning tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ń lò, a ò ní láti rà á. Ṣúgà ṣíbí ìjẹun 3 sínú ìkòkò gbígbẹ, iná kékeré, ẹ dúró tì í. Á yọ́, á pọ́n, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ẹ jẹ́ kó dúdú dáadáa bíi kọfí, torí tẹ́ ẹ bá tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ adùn lásán lẹ tún fi kún adùn. Kó tó di eérú ṣá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ wá rọra da omi gbígbóná ṣíbí 4 sí i, ẹ fi ojú àti ọwọ́ jìnnà torí ó máa ta pàràpàrà, mo ṣì ní àpá kan lọ́wọ́ òsì tó ń jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Ẹ rò ó pọ̀ lórí iná títí á fi yọ́ padà. Ṣíbí méjì nínú ẹ̀ ti tó fún kéèkì yìí, ẹ rọ ìyókù sígò, kì í tètè bàjẹ́.

Pípò ẹ̀ ò le. Ẹ jọ Milo pọ̀ mọ́ fúláwà àti béèkìn páúdà àti iyọ̀, ẹ má fo jíjọ̀ yẹn torí Milo máa ń dì. Ẹ lu ẹyin àti ṣúgà títí á fi fúyẹ́ tó sì funfun díẹ̀, ẹ da òróró, mílíìkì, fanílà àti ṣúgà jíjó sí i, ẹ wá da fúláwà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi kọfí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò sí fúláwà gbígbẹ mọ́, ẹ fi sílẹ̀! Pípò àpòjù ló ń sọ kéèkì di búrẹ́dì. Páànù sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ fi bọ́tà ra inú ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ pépà sídìí ẹ̀. Ọ́fùnù 165 sí 170 (Celsius), ẹ má gbé e dé 180 tẹ́ ẹ mọ̀ mọ́ kòkó, torí ṣúgà àti mílíìkì inú Milo ń tètè jó, ìyẹn ló pa tèmi lórí nígbà àkọ́kọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 35 sí 45 ẹ fi igi tuufípíìkì gún àárín ẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ o, ó ti dúdú kó tó jinná.

Ẹni tí ò ní ọ́fùnù, ìkòkò ńlá tó nípọn àti iyanrìn gbígbẹ ti ń yan kéèkì nílé wa láti ìgbà màmá mi. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé páànù lé e, iná kékeré, ẹ má ṣí i kó tó pé ìṣẹ́jú 40. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti ṣí i.

Ẹni tó bá wá ní ará oko (mo ti ń wo ẹ̀yin ará Oǹdó), ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dáa ju Milo lọ fún yín. Ẹ gba kòkó tí wọ́n ti bò tí wọ́n sì ti sá dáadáa, kọ́ọ̀bù kan tó. Ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ bí ẹni ń yan ẹ̀pà, iná kékeré, ẹ máa rò ó títí òórùn ṣokoléètì á fi gba ilé kan tí èèpo á sì máa fọ́. Ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo dànù, ẹ lọ̀ ọ́ ní bílẹ́ńdà tàbí lórí ọlọ. Kò ní di páúdà o, àmúlù bí ẹ̀pà lílọ̀ ló máa dà, torí ìdajì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rá. Giráàmù 80 nínú ẹ̀ ló máa dípò kòkó páúdà 50, ẹ dá ṣúgà padà sí 200, ẹ yọ òróró ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ po kòkó náà mọ́ òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó má baà ṣe kóró kóró. Ṣúgà jíjó ò pọn dandan mọ́, Milo náà kó ẹrù ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tó bá jẹ́ pé ara yín ni kì í gba ṣokoléètì, carob páúdà (èso igi kan tí wọ́n lọ̀, tó fara jọ kòkó) lẹ máa wá, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú kòkó, àmọ́ ó ládùn tiẹ̀ látilẹ̀, ẹ dín ṣúgà kù díẹ̀.

Kéèkì Milo yìí, ẹ má gé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yan án. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì kọfí á ti wọlé, adùn máàtì yẹn á ti rọlẹ̀. Mo gbé èyí fún àbúrò mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn tún na àwo ni.