Bí a ṣe ń pa oògùn abẹ́ ìṣọ́ mọ́ sínú ọkọ̀ áńbúláǹsì

Wọ́ọ̀dù ní ògiri, ó ní ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì kan kò sì ní ṣàìjókòó síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Áńbúláǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó lọ gbé ẹni tí ó fara pa nínú ìjàǹbá lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lè wà ní ẹ̀bá títì fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí gbogbo èrò tí ó pé jọ yóò sì máa yọjú wo inú rẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn náà ni oògùn abẹ́ ìṣọ́ wà, ìyẹn àwọn oògùn tí òfin ní kí a máa ṣọ́ lójú méjèèjì: morphine, pentazocine, ketamine àti diazepam. Àwọn ni a fi ń pa ìrora, tí a fi ń kun aláìsàn lóorun, tí a sì fi ń dá gìrì dúró. Àwọn kan náà sì ni ẹni tí oògùn ti di bárakú fún ń wá kiri. Láti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé, kò sí òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ó lè sọ pé òun kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Àgádágodo nìkan kọ́ ni ó ń ṣọ́ oògùn. Wákàtí yòówù kí a béèrè, ó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo wà tí oògùn náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, orí ìyẹn ni ó dúró lé.

Irin ni kí àpótí tí a ń kó oògùn náà sí jẹ́, kí a sì fi bóòtì dè é mọ́ ara ọkọ̀ láti inú, kí ẹni tí ó wà níta má baà lè tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Kí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí sì yàtọ̀ sí ti kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá já ọ̀kan kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ má kọ ohunkóhun sí ara rẹ̀ tí yóò sọ fún àlejò pé oògùn ni ó wà níbẹ̀. Ara nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ń gbé, kì í ṣe abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kì í sì í ṣe ara ìṣó tí a kàn mọ́ ògiri ọ́fíìsì. (Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i jù, ibẹ̀ náà sì ni olè kọ́kọ́ ń wò.) Ọ̀dọ̀ apoògùn ilé ìwòsàn ni kọ́kọ́rọ́ àfikún ń wà, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa tí a sì fọwọ́ sí lójú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni oògùn máa ń sọnù jù, nítorí náà ẹ má kánjú níbẹ̀. Ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ yóò jọ dúró ti àpótí. Ọ̀kan yóò mú ìgò kọ̀ọ̀kan, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò wo ọrùn rẹ̀ bóyá gíláàsì náà ti ṣẹ́ tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, yóò wo bóyá ihò abẹ́rẹ́ ti wà lójú rọ́bà èyí tí a kò tíì lò, yóò sì ka ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sókè. Èkejì yóò máa kọ ọ́. Kíkà nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ó bá fa oògùn jáde tí ó sì fi omi dípò rẹ̀ kò dín iye ìgò kù. Àwọn méjèèjì yóò wá fọwọ́ sí i.

Ìwé tí a rán pọ̀ tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ḿbà ni kí ẹ lò, kì í ṣe bébà tí a lè fà yọ. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fà á ní ìlà kan ṣoṣo kí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà, ẹ kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. A kì í fi Tipp-Ex kan ìwé yìí rárá. Bí ìgò morphine bá jẹ́ mílígíráàmù 10, tí aláìsàn sì gba 4, mílígíráàmù 6 tí ó kù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé: ẹ dà á nù lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé sọ pé pentazocine mẹ́fà ni ó wà, ṣùgbọ́n márùn-ún ni a rí nílẹ̀. Ẹnì kan ti gbé bírò pé kí a kàn kọ márùn-ún kí iṣẹ́ lè máa lọ. A kọ̀, a tú ọkọ̀ palẹ̀, a sì rí ìkẹfà lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan nínú páálí bándéèjì. Ká ní a kọ márùn-ún ni, ìgò yẹn ì bá di ti ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ rí i.

Ooru náà ń jí oògùn ní tirẹ̀. Ara páálí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kọ ọ́ pé kí ooru ibi tí wọ́n wà má kọjá 25 tàbí 30 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, ọkọ̀ tí ó sì dúró sínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin yóò kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ fi tẹmómítà tí ń fi ooru tí ó ga jù lọ hàn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wá ibòji fún ọkọ̀, kí àwọn ìgò sì máa wà nínú páálí wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò bá àwọn kan lára mu. Lorazepam ní tirẹ̀, inú fíríìjì ní 2 sí 8 ni ó ń gbé. Bí ọkọ̀ kò bá ní fíríìjì tí ó dára, diazepam ni mo máa gbé dípò rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tàbí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, gbogbo oògùn abẹ́ ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ padà sí ilé oògùn pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù, nítorí pé ó jọ iṣẹ́ kékeré.

Bí ìgò kan bá sọnù pátápátá, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan ara yín nínú ọkọ̀. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ rí i àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, ẹ pe apoògùn lójú ẹsẹ̀, kí òun sì fi tó ọ̀gá ilé ìwòsàn létí. Àwọn ni yóò mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbógun ti oògùn olóró. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tàbí tí gíláàsì rẹ̀ fọ́, a kì í jù ú sínú garawa ìdọ̀tí: ẹ kó o pẹ̀lú àfọ́kù rẹ̀ sínú ike, ẹ kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sára ike náà, kí ẹ sì dá a padà fún apoògùn, tí yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé pẹ̀lú yín.