Bí mo ṣe fi fóònù mi wọn agbára òòfà ayé l'Ékòó àti ní London

Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní phyphox, yunifásítì kan ní Aachen ní Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Òun ni mo fi wọn òòfà ayé, ìyẹn agbára tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, l'Ékòó kí n tó wọ bàálù, mo sì tún fi wọ̀n ọ́n nígbà tí mo dé London. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ tẹ "Magnetometer", kẹ́ ẹ wá bọ́ síbi tí wọ́n kọ "Absolute" sí, torí nọ́ńbà ìhà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní x, y, z á máa yí bẹ́ẹ bá ṣe ń yí fóònù, àmọ́ àpapọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí.

Ẹ má wọ̀n ọ́n nínú ilé o! Irin inú dẹ́kìn, bọ́gúlárì, jẹnẹrétọ̀, mọ́tò tí wọ́n páàkì síta, gbogbo ẹ̀ ló ń da nọ́ńbà rú. Mo bọ́ kéèsì fóònù mi torí òòfà wà lára ẹ̀, mo lọ dúró láàrin pápá bọ́ọ̀lù, mo ń fi fóònù ya 8 nínú afẹ́fẹ́ kó lè tún ara ẹ̀ tò (àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kàn ń wò mí ni) títí nọ́ńbà fi rọlẹ̀ sí nǹkan bíi 33 microtesla, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Ní London, nínú páàkì, ó ti di 49.

Mo wá lọ sórí ìkànnì NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, kí n lè fi tiwọn yẹ tèmi wò. Ẹ máa fi latitude àti longitude ibi tẹ́ ẹ wà sí i, á gbé "Total Field" jáde ní nanotesla, ẹ fi 1,000 pín in kó lè di microtesla. Kò jìnnà sí tèmi rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti tẹ São Paulo ní Brazil. Haa, bíi 23 péré! Bẹ́ẹ̀ Èkó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù ú lọ, ìtòsí ìlà yẹn sì ni òòfà kì í sábà lágbára. Irin yíyọ́ tó wà ní nǹkan bíi 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa ló ń dá òòfà yìí sílẹ̀, ó ń pòòyì bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná, kò sì pòòyì bákan náà níbi gbogbo, torí náà lábẹ́ òkun Atlantic lápá gúúsù apá kan òòfà náà kọjú sódìkejì, ó wá ń jẹ èyí tó kù. Ibẹ̀ ṣaláìlágbára débi pé awò Hubble tó wà lójú ọ̀run kì í ya fọ́tò tó bá ń kọjá lókè ibẹ̀, torí ìtànṣán tí òòfà ì bá dí lọ́nà pọ̀ jù. Ibi tó lágbára jù ni ìhà Antarctica tó kọjú sí Australia, ó lé ní 66 níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bahia, ẹ bá mi wọn tiyín.