Bí mo ṣe di ohùn kejì mú nínú orin àwọn obìnrin Karelia

Oṣù kọkànlá ni mo forúkọ sílẹ̀. Joensuu ni mò ń gbé, ní ìlà-oòrùn Finland, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe. Èdè Finnish ni mò ń wá, torí èyí tí mo kọ́ ní kíláàsì kì í jáde lẹ́nu mi tí mo bá ti dé ibi iṣẹ́. Ẹnì kan níbẹ̀ ló sọ fún mi pé kansalaisopisto, ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn àgbàlagbà, ní kíláàsì orin ìbílẹ̀ Karelia, agbègbè tó pín sí Finland àti Russia, fún àwọn obìnrin. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ àáltò nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì nílé. Mo ní, kí ló fẹ́ le níbẹ̀?

Ó le o.

Àwa mẹ́sàn-án ni. Olùkọ́ wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá mi, àmọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ń pè é, láìfi nǹkan kan ṣáájú. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Opettaja, ìyẹn olùkọ́, ni mò ń pè é títí dòní, ó sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé fún wa: ká kọ orin kan ní ohùn mẹ́ta, láìsí dùùrù, láìsí ìwé lọ́wọ́, ní ilé ìkàwé ní ọjọ́ 28 oṣù kejì. Ọjọ́ Kalevala nìyẹn. Déètì yẹn ni Elias Lönnrot kọ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú Kalevala, ìwé ìtàn àwọn akọni ilẹ̀ wọn tó fi ewì ìbílẹ̀ kọ, lọ́dún 1835, wọ́n sì máa ń ta àsíá káàkiri orílẹ̀-èdè náà lọ́jọ́ ọ̀hún.

Ká tó la ẹnu rárá, ó ní ká lọ gbọ́ Värttinä. Rääkkylä, ibi kékeré kan tí kò jìnnà sí wa, ni ẹgbẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983. Sari àti Mari Kaasinen, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí àwo wọn Oi Dai jáde ní 1991, ó tà gan-an ní Finland, orin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi sílẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà sì dé etí àwọn ọ̀dọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ta ló ṣẹ àwọn obìnrin yìí? Ohùn wọn kì í mì, kì í rọ̀. Àyà ló ti ń jáde ṣánṣán, bí ìgbà téèyàn ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

Ọ̀rọ̀ la kọ́kọ́ kọ́. Sílébù mẹ́jọ ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pe bàbá arúgbó inú ìtàn wọn: Vaka vanha Väinämöinen. Va-ka-van-ha-väi-nä-möi-nen. Mẹ́jọ géérégé, lẹ́tà kan náà ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí wọ́n fi ń tún un pè bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Fáwẹ́lì ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, gígùn ni. Tuli ni iná. Tuuli ni afẹ́fẹ́. Tulli ni kọ́sítọ́ọ̀mù. Afẹ́fẹ́ wà nínú orin wa, èmi sì ń dá iná sílẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá débẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó bá mi pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ìlù rẹ̀ ló wá mú kí n fẹ́ gbàgbé pé mo ti kọrin rí. Sílébù mẹ́fà àkọ́kọ́ kúrú bákan náà, méjì tó gbẹ̀yìn gùn ní ìlọ́po méjì: kí-kí-kí-kí-kí-kí-kíí-kíí. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kà á, márùn-ún ni, kì í ṣe mẹ́rin. Ara mi kò gbà. Àwọn tó kù á ṣì máa fa sílébù tó gbẹ̀yìn, èmi á ti wọ ìlà tó kàn, èmi nìkan, gbangba.

Ọ̀nà ilé ló bá mi yanjú rẹ̀. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé mi, nínú yìnyín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, ìṣísẹ̀ kan fún ìlù kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, ẹsẹ̀ òsì ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Tí ìlà méjì bá tẹ̀ léra lórí ẹsẹ̀ kan náà, mo ti sáré nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn ín. Ẹni tó bá rí mi á rò pé orí mi ti dàrú, àmọ́ níbẹ̀ yẹn wọn kì í bi èèyàn lọ́rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun kan ṣoṣo tó rọ̀ mí lọ́rùn ni lílé àti gbígbè. Ẹni tó ń lé, esilaulaja lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, á kọ ìlà kan. Kó tó tán lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó kù á ti gbà á, wọ́n á sì tún odindi ìlà náà kọ. Kò sí àlàfo. Ìyẹn ti wà lára mi láti kékeré.

Ó wá ku ohùn kejì. Opettaja ti sọ fún wa pé ohùn mẹ́ta yìí kì í ṣe ti àwọn ìyá àgbà Karelia. Ohùn kan ni wọ́n máa ń fi kọ orin wọn. Àwọn ìran tuntun ló kó ohùn púpọ̀ wọ̀ ọ́, lára ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni ti àwọn obìnrin Seto ní gúúsù ìlà-oòrùn Estonia. Nínú kúáyà tí mo ti wá, àlàfo díẹ̀ máa ń wà láàárín àáltò àti sòpránò. Níbí, àwọn ibì kan wà tí ohùn méjèèjì ń fara kanra, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ ojú dùùrù méjì tó jókòó tira pa pọ̀. Tó bá bọ́ sí i dáadáa, nǹkan kan á máa gbọ̀n láàárín wọn, á máa kùn bí oyin nínú ihò igi. Etí mi ní àṣìṣe ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn mi á yọ́ lọ bá ti ẹni tó ń lé, a ó di ohùn kan.

“Má sá fún un,” ni opettaja ń tẹnu mọ́. “Kíkùn yẹn la ń wá.”

Mo bẹ obìnrin tó ń lé kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Etí kan ṣoṣo ni mo ki íàpíìsì sí, kí etí kejì lè máa gbọ́ èmi fúnra mi. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mi ò pe ọ̀rọ̀ kankan, “o” nìkan ni mò ń fà. Mo mú sílébù méjì tó le jù, mo ń gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí mo bá ti gbọ́ kíkùn náà, màá dúró. Ohùn mímì tí mo kó wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tún ń bà á jẹ́: bí ohùn bá ti mì pẹ́nrẹ́n, oyin á fò lọ. Aládùúgbò mi gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá a wí lọ́kàn mi, mo sì sọ ohùn kalẹ̀.

Nígbà ìsinmi, a máa ń jẹ karjalanpiirakka, ìpápánu oníyẹ̀fun tínrín tí wọ́n fi ìrẹsì kún inú rẹ̀, tí wọ́n fi ẹyin àti bọ́tà lé lórí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ Mateli Kuivalatar, obìnrin Ilomantsi tí Lönnrot bá pàdé ní 1838, tó sì kọ orin fún un. Díẹ̀ nínú orin tí Lönnrot gbà lẹ́nu rẹ̀ wà nínú Kanteletar, ìwé orin ìbílẹ̀ tó jáde ní 1840. Orúkọ Lönnrot ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìwé yẹn. Èmi ní ẹjọ́ bá wọn rò lórí ìyẹn, àmọ́ ìrẹsì wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ pé. Bí ogójì èèyàn ló jókòó sáàárín ìwé. Ní ìlà kẹta, mo ṣubú lé ohùn ẹni tó ń lé, gbàà. Mo tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ nínú bàtà, mo dúró de ìlà tó kàn, mo gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ó kùn. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, kó tó dé etí mi. Afẹ́fẹ́ sì fẹ́ lọ́jọ́ náà, iná kankan ò jó.

Ìyá àgbà kan wá bá mi lẹ́yìn náà. Mo tẹ́wọ́, mo rò pé ó fẹ́ kí mi ni. Ó ní “l” méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí mo pe ẹyọ kan. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí mo fi pè é bó ṣe yẹ.

Oṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n lé. Mo ti ń rìn ín.