Bánà kan ṣoṣo, owó ẹ̀ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì la tẹ bánà ìkíni káàbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la sì sanwó rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún àṣà nílé ìwé àwọn ọmọ mi. Ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún la mú, torí ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2002 fún onírúurú àṣà.

Ti àga, ti ijó, ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mi ò ní dúró lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ní ká to àsíá orílẹ̀-èdè. Mo kọ̀. Papua New Guinea nìkan ní èdè tó lé ní 800. Èwo ni àsíá kan fẹ́ gbé nínú wọn? Mo ní ká kọ “ẹ káàbọ̀” ní èdè 14 tí àwọn ọmọ wa ń sọ nílé. Àwọn òbí fi tiwọn ránṣẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, ó di ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí àjọ̀dún kí wọ́n tó gbé bánà dé. Bàbá ọmọ kan tó ń sọ Lárúbáwá dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó títí. “Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ kọ síbí yìí?”

Marhaban la fẹ́ kọ. Àmọ́ lẹ́tà tó yẹ kó so mọ́ra dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò wọ́n láti òsì, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka Lárúbáwá. Mo wo Yorùbá tiwa: níbi tí ẹ àti ọ̀ yẹ kó wà, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbẹ̀. Ojú tì mí gidi. Ọjọ́ tá a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún èdè onílé àti àlejò la sọ wọ́n di kántankàntan.

Atẹ̀wé ní ohun tí mo fi ránṣẹ́ lòun tẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ó pé lórí fóònù mi. Odindi ọjọ́ kan la fi fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́, kò sì gbà láti dá kọ́bọ̀ padà! Ìyá ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán ló tú u fó: kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò ní fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tá a lò, ẹ̀rọ ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì mọ Lárúbáwá so. Ìyá yìí sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di àwòrán, ó fi PDF, irú fáìlì tó ń tọ́jú ìrísí ojú ìwé bó ṣe wà, ránṣẹ́, ó parí.

Ká ní mo mọ̀ ni, PDF ni ǹ bá fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá sì gba àpẹẹrẹ lọ́wọ́ atẹ̀wé kó tó tẹ ohunkóhun. Ẹni tó ni èdè ni kó fọwọ́ sí i. Èmi alága tí mi ò gbọ́ Lárúbáwá, kí ni mo fẹ́ rí?

Láàárọ̀ àjọ̀dún, èdè 14 pé pérépéré. Bàbá yẹn gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lé èjìká, ọmọ náà na ìka sí Marhaban, láti ọ̀tún, ó kà á sókè.